Bí owó ìjọba ṣe ń ran ẹni tó fẹ́ ta gàrí Ìjẹ̀bú sókè òkun lọ́wọ́

Tí wọ́n bá ti ní ìjọba ń fowó ran oníṣòwò kékeré lọ́wọ́ kó lè rí alábàáṣòwò lókè òkun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú Igbó àti Odògbólú máa ń rò pé wọ́n fẹ́ pín owó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìnáwó ni ìjọba ń bá èèyàn gbé díẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n fún un lówó ọjà.

NEPC ló wà nídìí ẹ̀ jù, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí títa ọjà Nàìjíríà sókè òkun, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976. Òfin ọdún 1986 ló gbé Export Development Fund, àpò owó ìrànlọ́wọ́ kan, kalẹ̀, kó lè gbé lára ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ńpìnì tó fẹ́ máa ta ọjà síta: ìpàtẹ ọjà lókè òkun, ìpolówó níbẹ̀, ìwádìí irú ẹni tó máa rà á. Nígbà Kòrónà wọ́n tún gbé EEFP jáde, ètò ìrànlọ́wọ́ míì fáwọn tó ń ta ọjà síta, bílíọ̀nù 50 náírà.

Ìwé ló ń ṣíwájú. Ìwé CAC, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, ni àkọ́kọ́, kó tó kan ìwé NEPC, àti domiciliary account, àkáǹtì báńkì tí dọ́là máa gbà wọlé. Ẹni tó ń dá yan gàrí tiẹ̀ kò ní láti sá, àwọn obìnrin àdúgbò lè kóra jọ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ gba ìwé, ìyẹn gan-an ló mọ́gbọ́n dání jù torí oníbàárà tó fẹ́ ọ̀pọ̀ àpò kò ní tìtorí àpò méjì pe èèyàn.

Oníbàárà yẹn náà ń béèrè nǹkan tí ará ọjà Òkè-Àjẹ kì í béèrè. Pé gàrí náà kan lẹ́nu, pé ó kúnná, ó ti mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀ ló ṣe ń wá ti Ìjẹ̀bú. Ṣé ó gbẹ dáadáa? Gàrí tí wọ́n kó sínú kọ̀ńténà láì gbẹ, ó máa bu kó tó gúnlẹ̀. Ṣé iyanrìn ò sí níbẹ̀, ṣé ìwọ̀n àti déètì wà lára ọ̀rá? Owó tí ìjọba bá san fún ìpàtẹ ọjà, asán ló máa já sí tí ìdáhùn ò bá sí.

EEG, owó ìwúrí tí ìjọba ń fún ẹni tó ta ọjà síta, ní tiẹ̀, ẹ̀yìn tí ọjà bá ti lọ tí owó ẹ̀ sì ti padà wọlé ni wọ́n tó ń rò ó, nítorí náà kí èèyàn tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ti NEXIM, báńkì ìjọba fún ọjà títà sókè òkun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991, owó yíyá nìyẹn, wọ́n sì máa gbà á padà.