Bí ìkéde olùkọ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lórí WhatsApp

Ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ákùúrẹ́, ọ̀pọ̀ ìkéde kíláàsì kì í gba ẹnu olùkọ́ dé etí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Olùkọ́ á kọ ọ́ sí class rep, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣojú kíláàsì, lórí WhatsApp, class rep á wá jù ú sínú gúrúùpù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nílùú Oǹdó. Ọ̀nà yìí yá, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ aáwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí kálukú ń rí lórí fóònù rẹ̀ yàtọ̀.

Máàkì ni àmì kékeré tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ téèyàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Máàkì kan túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Méjì, ó ti wọ fóònù ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tó bá di búlúù, onítọ̀hún ti kà á. Búlúù tí olùkọ́ rí, ti class rep nìkan ni. Nínú gúrúùpù, máàkì kejì kì í yọ àfi tí ọ̀rọ̀ bá dé fóònù gbogbo wọn, kì í sì í di búlúù àfi tí gbogbo wọn bá kà á. Kí dátà ẹnì kan ṣoṣo tán, ẹyọ kan ló máa wà níbẹ̀. Class rep lè tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kó lọ sí Info, kó rí orúkọ àwọn tó ti kà á. Olùkọ́ kò lè rí i, torí òun kọ́ ló fi í síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì dé, WhatsApp á tọ́jú rẹ̀ fún 30 ọjọ́. Ká ní ìkéde jáde láago mọ́kànlá alẹ́ Sunday pé ìdánwò wà láago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ọmọ tó ń gbé ní South Gate, lẹ́bàá FUTA, tí iná ti lọ láti ọ̀sán, tí fóònù rẹ̀ ti kú, ìgbà tí ìdánwò ti parí ló máa rí i. Olùkọ́ ní òun ti kéde, òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ní òun ò gbọ́; òótọ́ nìyẹn náà, kò sì yẹ kí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣi búlúù kà. Ó fi PDF iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́, ó rí búlúù, ó gbà pé iṣẹ́ ti wọlé. Bébà tó ní orúkọ àti nọ́ńbà matric ni olùkọ́ ń retí lórí tábìlì.

Láti 2018 ni WhatsApp ti jẹ́ kí gúrúùpù ṣeé tì, kó jẹ́ pé àwọn ádímínì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bí olùkọ́ bá wà nínú irú rẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ìkéde síbẹ̀, òun náà lè wo Info, kó mọ àwọn tó ṣẹ́ kù. Ìkéde ìdánwò ṣì yẹ kó wà lára pátákó ẹ̀ka pẹ̀lú, ó kéré tán lọ́jọ́ méjì ṣáájú.