Bí ojú ewé ẹni ṣe ń hàn lórí sáfà dìpátímẹ́ǹtì

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kábà tó fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣe é láìsan kọ́bọ̀, bí dìpátímẹ́ǹtì rẹ̀ bá ní sáfà Linux (kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ti ń ka ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tó ń lo Apache, ètò tó ń gbé ojú ewé jáde. Alábòójútó sáfà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan mod_userdir, apá Apache tó ń jẹ́ kí oníkálukú gbé ojú ewé sínú fódà tirẹ̀. Bí kò bá tàn án, wàhálà lásán ni gbogbo ìyókù, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ní àkáǹtì ní fódà tirẹ̀, bíi /home/bola. Inú rẹ̀ la ó dá fódà public_html sí. Bí ẹnìkan bá tẹ àdírẹ́sì sáfà, tó wá fi /~bola/ kún un, Apache á lọ síbẹ̀, á wá index.html, ojú ewé àkọ́kọ́, á sì gbé e jáde.

Àṣẹ fáìlì ló sábà ń da iṣẹ́ rú. Apache kì í wọlé lórúkọ bola. Lórí Ubuntu, irú Linux kan, www-data ni orúkọ tó ń jẹ́, àlejò pátápátá sì ni. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, kíkọjá jẹ́ 1. A máa ń rò wọ́n pọ̀ fún onífáìlì, fún ẹgbẹ́ rẹ̀, àti fún àwọn yòókù, ká wá fi chmod yàn án (~ dúró fún fódà ẹni):

chmod 711 ~
chmod 755 ~/public_html
chmod 644 ~/public_html/*.html

711 yẹn jẹ́ kí àlejò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá láìrí ohun tó wà nínú yàrá. Àwọn kan máa ń sáré lo 777 nígbà tí nǹkan bá sú wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àkáǹtì lórí sáfà náà á wá lè tún ojú ewé wọn kọ.

Bí 403 (a kò gbà ọ́ láàyè) bá yọ, àṣẹ ni ká yẹ̀ wò. Lórí Rocky tàbí Fedora, àwọn irú Linux mìíràn, àṣẹ lè pé kí 403 má kúrò, torí SELinux, ẹ̀ṣọ́ ààbò wọn, ń dí i: alábòójútó ni yóò tan httpd_enable_homedirs. 404 (a kò rí i) ní tirẹ̀ sábà jẹ́ ọ̀ràn orúkọ. Ẹni tó ya àwòrán oko kọfí ní Ìjùmú, tó pè é ní Kofi.JPG, tó wá kọ kofi.jpg sínú ojú ewé, á rí i dáadáa lórí Windows. Linux kò ní rí i rárá, torí lẹ́tà ńlá àti kékeré yàtọ̀ lójú rẹ̀.

Àwa tó ń kọ Yorùbá tún ní ìṣòro tiwa. Ká fi fáìlì pamọ́ ní UTF-8, ìlànà ìfipamọ́ lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá, ká sì kọ <meta charset="utf-8"> sí òkè rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ "ẹ" lè di "áº¹" lójú òǹkàwé.

Láti fi fáìlì ránṣẹ́, sftp ló dára. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já lágbedeméjì, bó ti sábà ń já lórí fóònù ní Ìsánlú, ká tún wọlé, ká tẹ reput dípò put: ibi tó dé ni yóò ti tẹ̀síwájú. Ká sì dín àwòrán kù kó tó lọ. Fọ́tò fóònù lè tó 4 MB, bẹ́ẹ̀ 200 KB tó fún ojú ewé, yóò sì dá dátà òǹkàwé sí.

Bí àyè tí wọ́n fúnni bá kún, fáìlì tuntun lè débẹ̀ lófìfo, 0 byte, kí bíráúsà gbé ojú funfun jáde. ls -l á fi ìwọ̀n fáìlì hàn. quota -s á sọ iye tí a ti lò àti ibi tí ààlà wà.