Dénrelé Adéètimíkàn Ọbasá

Dénrelé Adéètimíkàn Ọbasá (1879–1945) jẹ́ akéwì, olóòtú ìwé ìròyìn àti onílé ìtẹ̀wé ní ìlú Ìbàdàn. Òun ló ṣe ìwé mẹ́ta tí a mọ̀ sí Ìwé Àwọn Akéwì, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ewì Yorùbá di ohun tí ènìyàn lè jókòó kà. Ṣóbọ̀ Aróbíodu (1858–1936) ti ń tẹ ewì àròfọ̀ tirẹ̀ jáde ní Abẹ́òkúta ṣáájú rẹ̀. Ọ̀nà Ọbasá yàtọ̀ ní tirẹ̀, torí ẹnu àwọn àgbà ló ti kó ọ̀rọ̀ jọ kó tó máa fi èrò ara rẹ̀ kún un.

Ìgbésí ayé

Ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí Ọbasá. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ogun ti parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti fìdí múlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà tó wà nínú Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914 láti máa kó ìtàn àti àṣà ìlú jọ kí ó má baà bá àwọn arúgbó lọ. Ní àsìkò wọn náà ni Isaac Akínyẹlé, tó padà di Olúbàdàn, kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn.

Ní oṣù Kìíní 1924, Ọbasá dá The Yoruba News sílẹ̀, ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó ń jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ìgbà náà ti ń jáde: Èkó Akéte bẹ̀rẹ̀ ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923. Pé Ìbàdàn ní tirẹ̀, tí olóòtú rẹ̀ sì tún ló ni ilé ìtẹ̀wé Ilare Press tó ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ohun kékeré fún lítíréṣọ̀. Akéwì tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kí iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde.

Àwọn ìwé ewì

Ìwé kìn-ín-ní jáde ní 1927, ìkejì ní 1934, ìkẹta ní 1945. Orúkọ tí Ọbasá fún wọn fi hàn pé ó gbà pé àwọn mìíràn ló ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà: ìwé “ti àwọn akéwì” ni, kò pè é ní ti Ọbasá.

Orí ọ̀rọ̀ kan ni ewì kọ̀ọ̀kan máa ń dá lé, pàápàá jù lọ ìwà ọmọ ènìyàn. Lábẹ́ àkọlé náà ni yóò wá to òwe, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, orin àti àkíyèsí tirẹ̀ sí. Ká fi òwe tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ ọgbọ́n yìí. Ẹni kan lè wí lónìí pé “àṣejù, baba àṣetẹ́”, kí ẹlòmíràn wí ní ọjọ́ mìíràn pé “àgbà tó bá wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí”. Níbi tí wọ́n ti sọ wọ́n, ìjà tàbí ìmọ̀ràn kan ló fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá kọ wọ́n tẹ̀ léra, “tẹ́” inú èkíní a dáhùn sí “ẹ̀tẹ́” inú èkejì, ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà a lọ, ìró àti èrò a kù. Òǹkàwé á wá máa retí ìlà tó kàn. Ibẹ̀ gan-an ni òwe ti ń di ewì.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ kan fi ń béèrè bóyá akéwì ni Ọbasá tàbí akójọ-ọ̀rọ̀. Ìbéèrè náà tọ́ dé àyè kan, pàápàá fún ìwé kìn-ín-ní. Àmọ́ yíyan ọ̀rọ̀ àti títò ó ní iṣẹ́ ọnà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn Ọbasá fúnra rẹ̀ sì ń hàn sí i nínú àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e. Akíntúndé Akínyẹmí àti Karin Barber wà lára àwọn tó ti kọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ àwọn ìwé Ọbasá: aiye, enia, nwọn. Àmì ohùn kò tó nǹkan lórí ọ̀rọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kọsẹ̀.

Ipa rẹ̀

Ọdún tí ìwé kẹta jáde ni Ọbasá kú. Lẹ́yìn rẹ̀, J. F. Ọdúnjọ ṣe Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn ní 1961, Ìbàdàn sì di ibi tí Adébáyọ̀ Fálétí, Ọlátúnbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Ọlánrewájú Adépọ̀jù ti gbé ewì dé orí rédíò àti inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ewì tí Ọbasá gbé láti ẹnu wọ inú ìwé tún padà sí etí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lára rẹ̀.