Ẹ̀rọ ìgbọ́nmi inú àjà ilẹ̀, kì í ṣe súmò

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ra ilé ní Chicago, Maryland tàbí New Jersey mọ kòtò róbótó tó máa ń wà ní igun àjà ilẹ̀, tí ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ púpọ̀ tàbí tí yìnyín bá yọ́, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á sì máa da omi síta. Sump pump ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Orúkọ tí àwa fún un ló ń bí mi nínú, nítorí orúkọ yẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn wa máa ra èyí tí kò yẹ.

Àwọn kan ń pè é ní súmò, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn púlọ́mbà nílé ń pe ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀ sínú bòhóòlù. Ẹ̀rọ mìíràn nìyẹn. Súmò gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó ti omi gòkè réré láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ dé orí táńkì. Ẹni tó bá gbé ọgbọ́n súmò lọ sọ́jà á máa béèrè bí ẹ̀rọ ti lágbára tó, nígbà tó jẹ́ pé iye omi ló yẹ kó béèrè. “Ẹ̀rọ omi” tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí èyí tí à ń ṣí tí omi fi ń dà sínú garawa ni gbogbo wa mọ̀ sí ẹ̀rọ omi. “Ẹ̀rọ ìfami” sàn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń fami, ó fẹ́ lo omi náà ni. Ta ló fẹ́ omi inú kòtò yìí?

Ìgbọ́nmi ni mo yàn, mi ò sì ní yí i padà. Bí ọkọ̀ bá ń jò láàárín ọ̀sà, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í ráyè dí ihò; igbá ni yóò mú, tí yóò máa gbọ́n omi dà síta. Bó bá ti ń gbọ́n ọn yá ju bí omi ti ń wọlé lọ, ọkọ̀ ò ní rì. Bí ọkọ̀ yẹn gan-an ni àjà ilẹ̀ tó jókòó sínú ilẹ̀ amọ̀ tó rin gbingbin: omi ń ti ògiri àti ilẹ̀ rẹ̀ látìta, yóò sì rí ojú ibi tó máa gbà wọlé. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ apẹja ni ìgbọ́nmi, pé ará òkè ò mọ̀ ọ́n. Ìbàdàn tó rí omíyalé Ògùnpa ní 1980, ṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́n omi kúrò nínú yàrá ni?

Ẹni tó bá ti gbà pé gbígbọ́n ni iṣẹ́ rẹ̀ á mọ ohun tó máa wọ̀n. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí omi gòkè nínú kòtò fún ìṣẹ́jú kan láìtan ẹ̀rọ, kí ẹ fi rúlà wò ó. Nínú kòtò tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínṣì 18, ínṣì omi kan jẹ́ nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 1.1. Bó bá gòkè ní ínṣì 10, gálọ́ọ̀nù 11 ló wọlé ní ìṣẹ́jú kan, 660 ní wákàtí kan. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ lé e, kó di nǹkan bíi 1,000. Ẹ má wo nọ́ńbà gàdàgbà ara páálí, torí ó sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí ẹ̀rọ ò gbé omi gòkè rárá. Iye tó lè gbọ́n ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 10 ni kí ẹ wá.

Mọ́tò 1/3 HP (HP ni ìwọ̀n agbára mọ́tò) tó fún ọ̀pọ̀ ilé. 1/2 HP wà fún ibi tí omi ti pọ̀ jù. Èyí tó bá lágbára ju kòtò lọ á gbọ́n omi tán kíá, á kú, á tún tàn, títàn-kíkú yẹn ló sì ń pa mọ́tò rẹ̀. Ẹ ra èyí tó máa ń rì sínú omi, tí ara rẹ̀ jẹ́ irin, torí irin ń gbé ooru mọ́tò fún omi ju ike lọ.

Súwíìsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Fúlóòtì, ìyẹn ohun tó ń léfòó lórí omi tó ń tan ẹ̀rọ tó sì ń pa á, ń fẹ́ àyè láti fì bó bá so mọ́ wáyà; bí kòtò bá há, á rọ̀ mọ́ ara ògiri rẹ̀, ẹ̀rọ ò sì ní tàn tàbí kò ní kú. Fún kòtò tóóró, ẹ mú èyí tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lójú kan.

Tí kò bá sí kòtò tẹ́lẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ síbi tó rẹlẹ̀ jù, kó jìnnà sí ògiri ní ínṣì 10 ó kéré tán, kí ẹ má baà gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Dúrọ́ọ̀mù ike oníhò ló máa wọ inú kòtò náà: fún èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 18, tó jìn ní 24, ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní 24, tó jìn ní 30. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ lé bíríkì nínú dúrọ́ọ̀mù, kó má baà máa fa ẹrẹ̀.

Páìpù ínṣì 1½ ló ń gbé omi jáde. Lára rẹ̀ ni fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà máa wà, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sókè. Láìsí i, páìpù ẹsẹ̀ bàtà 10 á da bíi gálọ́ọ̀nù kan padà sínú kòtò nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá dúró, ẹ̀rọ á sì máa gbọ́n omi kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ihò kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Láàárín ẹ̀rọ àti fáàfù, nínú kòtò níbẹ̀, ẹ fi dírílì lu ihò ínṣì 1/8 sára páìpù, kó dagun kọjú sísàlẹ̀, àfi bí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá bá sọ pé ó ti ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ fáàfù ló ń gba ibẹ̀ jáde. Bí kò bá jáde, ẹ̀rọ á máa yí nínú afẹ́fẹ́, omi ò ní lọ. Omi á máa tú ṣọ̀ṣọ̀ láti ojú ihò yìí nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dí i.

Níta, kí páìpù da omi síbi tó jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ilẹ̀ ibẹ̀ sì dagun kúrò lọ́dọ̀ ilé. Ẹ má so ó mọ́ páìpù ìgbẹ́. Òfin ọ̀pọ̀ ìlú kọ̀ ọ́. Nígbà òtútù, omi tó bá dúró nínú páìpù á dì, ẹ̀rọ á sì máa ti omi lu yìnyín. Ẹ jẹ́ kí páìpù dagun dé òpin, kí ẹ sì fi ẹnu tó ní àlàfo sí i nítòsí ògiri, kí omi lè bá ibẹ̀ jáde bí iwájú bá ti dì. Ẹni tó bá fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ ní Chicago ní láti lọ ju ínṣì 42 lọ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ẹ fi í sí, láìlo wáyà ìfàgùn. Òjò ńlá tó ń gbé omi wá ló sábà máa ń mú iná lọ, nítorí náà ẹ ra ìgbọ́nmi kejì tó ń lo bátìrì 12V, irú bátìrì tí wọ́n ń fi sí ínfátà, kì í ṣe ti ọkọ̀.

Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ rọra da garawa omi gálọ́ọ̀nù 5 sínú kòtò, kí ẹ wo bó ṣe ń tàn àti bó ṣe ń kú. Bó bá ń kùn tí omi ò jáde, ẹ kọ́kọ́ yẹ ihò kékeré yẹn wò, lẹ́yìn náà ọfà fáàfù, lẹ́yìn náà òkúta tó lè há sábẹ́ ẹ̀rọ. Bó bá sì ń ṣiṣẹ́ láìdúró nígbà tí kòtò ti gbẹ, fúlóòtì ló há. Ẹ tètè yọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí mọ́tò tó jóná.