Accelerometer méjì, irọ́ kan náà

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹni tó bá ti ń ṣe róbọ́ọ̀tì onítáyà méjì, tí nǹkan ẹ̀ ò yéé ṣubú, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó fi accelerometer kejì (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn òòfà ilẹ̀ àti bí eré ṣe ń yí padà) kún un, kó yọ ìkan kúrò nínú ìkejì, bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó gan-an á jáde. Mo ṣe é rí o. MPU6050 méjì (ṣíìpù tí accelerometer wà nínú ẹ̀), ìkan ní àdírẹ́sì 0x68, ìkejì ní 0x69, wáyà ò tiẹ̀ pọ̀. Róbọ́ọ̀tì ṣì dojú bolẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Tí nǹkan bá dúró jẹ́ẹ́, ìkan ṣoṣo ti tó, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ìgbà tó bá ń sáré ni wàhálà.

Ẹ wo tẹ̀sùbáà tí dẹrẹ́bà so mọ́ díńgí nínú dánfó. Bó bá ti fún mọ́tò níná, tẹ̀sùbáà á fà sẹ́yìn bíi pé òkè la ń gùn, bẹ́ẹ̀ títì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Tí eré mọ́tò bá ń fi mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó máa fà tó dígírì 11 àbọ̀. Accelerometer ò yàtọ̀ sí tẹ̀sùbáà yẹn, òòfà ilẹ̀ àti eré tó ń pọ̀ sí i, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹ̀, Einstein ti rí ìyẹn láti 1907. Ó dáa, ẹ wá so tẹ̀sùbáà kejì sẹ́yìn mọ́tò. Òun náà á fà sẹ́yìn, dígírì 11 àbọ̀ kan náà! Ẹ yọ ìkan kúrò nínú ìkejì: òdo. Òdo lórí ilẹ̀ títẹ́jú, òdo bí mọ́tò bá ń gun Òkè Àrẹ n'Íbàdàn, torí òòfà ilẹ̀ tẹ́ẹ ń wá gan-an ti bá irọ́ yẹn lọ. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni bí nǹkan ṣe ń yí, kì í ṣe bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. Ibi tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Ó níbi tó ti wúlò ṣá. Ìkan lára katapílà, ìkan lápá ẹ̀, tí ò bá fi ìjà ṣe é, ẹ máa rí igun tó wà láàrin wọn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò tẹ́ẹ páàkì náà, ẹ lè fi méjì ṣírò ẹ̀ bẹ́ẹ tiẹ̀ ń gbé e sókè pẹ̀lú agbára, torí ìdè ẹ̀, ibi tó ti ń ṣí, ò kúrò lójú kan. Ti róbọ́ọ̀tì wa, ìdè ẹ̀ ni táyà, táyà ọ̀hún ló sì ń sá kiri.

Gyroscope, tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń yára yí, wà nínú MPU6050 kan yẹn tẹ́lẹ̀ o jàre, wọn ò lò ó. Ẹ gba tiẹ̀ gbọ́ ní 0.98 nínú 1, kí accelerometer máa fi 0.02 tó kù fà á padà, torí gyroscope náà máa ń ṣáko lọ. Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ tí iná bá pẹ́ lẹ́sẹ̀ dẹrẹ́bà, ó ṣì lè ṣìnà.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ gbé accelerometer méjì yìí sórí ọ̀kadà pé kó máa pa ẹ́ńjìnnì tó bá fẹ́ ṣubú, ẹ rọra. Ọ̀kadà tó ń yí kọ́nà dáadáa lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó dígírì 30, kí accelerometer méjèèjì sì jọ máa sọ pé ó dúró ṣánṣán.