Ààyè ìkọjá: àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ọkọ̀ àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ń gba títì tó ti Kabba lọ sí Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Mopa, Isanlu títí dé Egbe mọ̀ pé ojú títì kan náà ni gbogbo wa jọ ń lò: takisí, ọ̀kadà, bọ́ọ̀sì elérò, tírélà, àti bàbá àgbẹ̀ tó di iṣu mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ tó ń ti oko bọ̀. Bàbá yìí ló lọ́ra jù nínú wọn. Bí ọkọ̀ bá fara gbún un, kò sí ohunkóhun láàárín ara rẹ̀ àti ọ̀dà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní ààyè ìkọjá, ìyẹn àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ ṣe ọfatéèkì.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò fi àlàfo yìí sílẹ̀ fún ojú inú dẹ́rẹ́bà. Mítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ti fi ẹsẹ̀ bàtà 3, ìyẹn nǹkan bíi mítà 0.9, sínú òfin láti ọdún 1973. Ní ilẹ̀ Faransé, mítà 1 ni nínú ìlú, ó sì di mítà 1.5 lẹ́yìn ìlú. Jámánì kọ tirẹ̀ sínú òfin lọ́dún 2020: mítà 1.5 nínú ìlú, mítà 2 lẹ́yìn ìlú. Ìwé ìlànà ojú pópó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2022, sọ pé ó kéré tán kí ó jẹ́ mítà 1.5 tí eré ọkọ̀ kò bá ju nǹkan bíi kìlómítà 48 ní wákàtí kan, kí ó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí eré bá pọ̀ sí i. Iye wọn ò dọ́gba, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló wà nídìí ti Faransé, Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni kí àlàfo máa fẹ̀.

Mítà 1.5 ni mo máa mú lò níhìn-ín. Bí àgbàlagbà bá na apá méjèèjì gbọọrọ, ó fi díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Etí dígí ọkọ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ara ọkọ̀, torí dígí tírélà yọ síta gan-an. Ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ la ń wọ̀n ọ́n dé, tàbí etí ẹrù rẹ̀ tí ẹrù náà bá yọ ju ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e sórí títì wa, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Títì ọlọ́nà méjì tí wọ́n ṣe dáadáa ní Nàìjíríà máa ń fẹ̀ tó mítà 7.3: 3.65 fún ẹni tó ń lọ, 3.65 fún ẹni tó ń bọ̀. Ká ní táyà kẹ̀kẹ́ bàbá jìnnà sí etí títì ní ààbọ̀ mítà. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, nítorí náà orí ọwọ́ òsì ti wà ní mítà 0.8. Ẹ fi àlàfo 1.5 lé e, ó di 2.3. Tírélà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.5. Ẹ rò ó pọ̀, ó di mítà 4.8. Ìlà àárín títì sì wà ní 3.65! Tírélà náà gbọ́dọ̀ wọ ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀ ní mítà kan ó lé kí ó tó lè fún bàbá ní ààyè rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò fẹ̀ ju mítà 1.8 náà á kọjá ìlà ní nǹkan bí ààbọ̀ mítà.

Ohun tí ìṣirò yìí fi hàn ni pé kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá lára kẹ̀kẹ́ dáadáa láì kúrò nínú ìlà tirẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí ọ̀nà kejì bá ṣófo nìkan ni ààyè wà. Àwọn kan gbà pé kẹ̀kẹ́ kò gba àyè, pé bí ọkọ̀ mìíràn tilẹ̀ ń bọ̀ níwájú, àwọn lè fún ara wọn gba àárín méjèèjì kọjá. Irú èrò yìí ló ń pa èèyàn. Ibi tí ẹ ò bá ti lè ṣe ọfatéèkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ ò lè ṣe ti kẹ̀kẹ́ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí èèyàn kan lórí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì fi nílò àlàfo tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í dá dúró. Yíyí tí ẹni tó gùn ún ń yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, ni kò jẹ́ kó ṣubú. Bó ṣe ń lọ́ra sí i ni yíyí náà ń pọ̀ sí i, pàápàá tó bá ń gun òkè, òkè ò sì wọ́n lọ́dọ̀ wa. Kòtò tí dẹ́rẹ́bà lè fi táyà ńlá tẹ̀ kọjá lè gbé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣubú, nítorí náà ó di dandan kó yà fún un, apá àárín títì ló sì sábà máa ń yà sí. Dẹ́rẹ́bà tó mọṣẹ́ kì í wo ẹ̀yìn ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nìkan. Ó máa ń wo ojú títì tó wà níwájú onítọ̀hún, kí ó lè ti mọ ibi tó máa yà sí kí ó tó yà.

Atẹ́gùn ọkọ̀ ńlá náà tún wà níbẹ̀. Bí iwájú tírélà bá dé ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, atẹ́gùn tó ń tì kiri á ti ẹni náà síta, sí inú koríko. Bí ara tírélà bá ń kọjá lọ tán, atẹ́gùn kan náà á fà á padà wọlé, sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára atẹ́gùn yìí á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ fi ojú inú wo títì Obajana sí Kabba tí ilé-iṣẹ́ Dangote fi kọnkéré ṣe: ó tẹ́jú, eré rọrùn láti sá níbẹ̀, tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì sì ń gba ibẹ̀. Lójú irú títì bẹ́ẹ̀, mítà 1.5 kéré fún ọkọ̀ ńlá. Mítà 2 ni kí ẹ fi sílẹ̀, àbí kí ẹ dín eré kù.

Báwo ni iwájú ṣe gbọ́dọ̀ ṣófo tó kí a tó jáde? Ká ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan lẹ ń sá, tí kẹ̀kẹ́ ń sá 15. Tí ẹ bá jáde nígbà tí mítà 40 ṣì wà láàárín yín, tí ẹ sì padà wọlé nígbà tí ẹ bá ti fi mítà 20 ṣíwájú rẹ̀, ó máa gbà yín tó ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ ó sì ti rin nǹkan bíi mítà 80. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, tí òun náà ń sá 60, á ti rin 80 tirẹ̀. Èyí jẹ́ 160, láì tíì fi àlàfo ààbò kankan kún un. Bí ẹ ò bá rí tó mítà 200 kedere, ẹ dúró sẹ́yìn. Ẹ̀rí ọkàn mi ò gbà pé kánjú ló ń fà á tí a kì í fi dúró, nítorí bí ẹ bá tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 pẹ̀lú eré 15 yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 15 péré lẹ pàdánù.

Láti April 2, 1972 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún, apá òsì ẹni tó wà níwájú la ń gbà ṣe ọfatéèkì. Ibi tí ìlà àárín bá gé wẹ́wẹ́, a lè kọjá lórí rẹ̀. Ibi tó bá ṣe gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ tiwa, a kì í kọjá rẹ̀. A kì í ṣe é ní ṣóńṣó òkè, ní kọ́nà, lórí afárá tóóró, tàbí ní oríta. Kọ́nà tó yí sọ́tùn-ún ló burú jù fún tírélà, torí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tọ ipa táyà iwájú. Inú kọ́nà ló máa ń gé kọjá, inú kọ́nà yẹn gan-an sì ni kẹ̀kẹ́ wà. Orí tírélà lè ti kọjá bàbá pẹ̀lú àlàfo tó dára, kí ìdí rẹ̀ wá gbá a.

Kí ẹ tó jáde, ẹ wo dígí, bóyá ẹlòmíràn ti ń ṣe ọfatéèkì ẹ̀yin náà bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ tan tiráfíkétọ̀ òsì. Ẹ fọn fèrè ní ṣókí láti òkèèrè kí ó lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀; ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ìdí rẹ̀, torí ẹni tó bá ta gìrì lójijì, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló máa yí. Bó bá na ọwọ́ òsì, ó fẹ́ yà sí ọ̀nà oko ni, ẹ dúró. Bó bá jẹ́ ọmọ iléèwé, ẹ fún un ní àyè ju ti àgbàlagbà lọ. Tí ẹ bá ti kọjá, ẹ má tètè yí wọlé: ẹ dúró títí ẹ ó fi rí òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀ nínú dígí àárín.

Iṣẹ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà. Kó máa lọ gbọọrọ, kó má fi etí títì tó ti jẹ ṣe ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni táyà ti máa ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lójijì. Kó wẹ̀yìn kó tó yà fún kòtò. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tàbí tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà, kó ní iná níwájú àti àwo pupa tó ń dán lẹ́yìn. Bó bá sì ru igi ìdáná, kó dì í ní gígùn, kí ó má dì í ní ìbú, nítorí gbogbo ohun tó bá yọ sí apá òsì ń jẹ nínú mítà 1.5 tirẹ̀.