Òfíò: Bí Koríko Etí Omi Ṣe Di Ohun Jíjẹ

Bí ẹ bá ra òfíò lọ́wọ́ àbókí tó ń ti bárò kiri, ẹ má tíì jù ú sẹ́nu. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ máa rí ìlà tó yí i ká bí òrùka, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí oríkèé ìrèké tí wọ́n fún pọ̀. Ẹ máa rí ibì kan tó ṣe ṣóńṣó, ẹ ó sì rí àpá kékeré ní òdìkejì, níbi tí okùn tín-ínrín kan ti já kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀pà kì í ní irú òrùka bẹ́ẹ̀. Ara ọ̀pá ewéko tó fi inú ilẹ̀ ṣe ilé ló ń ní i. Iṣẹ́ tí iṣu ń ṣe fún ìyá rẹ̀ ni òfíò ń ṣe: ó ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ de ọjọ́ tí ewé bá kú. Ṣùgbọ́n ní ti ìdílé, òun àti làbẹ̀làbẹ̀ tó ń ya èèyàn lẹ́sẹ̀ létí odò ló jọ wá láti agbo ilé kan náà, àti papyrus tí àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ fi ṣe ìwé.

Àwọn Òyìnbó tó pè é ní tigernut ṣì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe èso, ẹranko tí wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn tiger, kò gbé inú igbó Áfíríkà.

Mo wú ọ̀kan nínú àwọn òfíò tó ń hù fúnra wọn létí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bí ẹ bá wò ó lóòró, ẹ ó ní koríko ni, ó kàn ń dán díẹ̀. Ọwọ́ ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Mo fi ìka méjì yí ọ̀pá rẹ̀, kò yí geere bí ọ̀pá koríko: igun mẹ́ta ló ní. Kò ní oríkèé, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣófo nínú. Ewé rẹ̀ náà ò kúrò lórí ẹẹ́ta, ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọ́n tò sí yí ìdí rẹ̀ ká. Lórí pátápátá ni òdòdó rẹ̀ wà, tó ya bí agboorùn tí ìjì ti fà ya, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n yan. Kò ní ewé òdòdó tó ń dán, torí kò wá oyin tàbí labalábá. Atẹ́gùn ló ń bá a gbé àtíkè rẹ̀ kiri.

Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Nígbà tí mo fọ ẹrẹ̀ kúrò, okùn funfun bí òwú ìránṣọ ló kún ìdí rẹ̀, wọ́n sá lọ sọ́tùn-ún sósì. Orí àwọn kan ti wú, ó di kókó kéékèèké. Orí àwọn mìíràn kò wú rárá: wọ́n ti yọrí sókè, wọ́n sì ti di ewéko tuntun. Gígùn ọ̀sán wà lára ohun tó ń pín iṣẹ́ fún wọn. Bí ọ̀sán bá gùn, okùn náà á máa bí ọmọ sókè. Bí ọ̀sán bá ń kúrú, á máa sọ kókó. Ohun tó sì yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ohun tó ń ta nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni òróró. Iṣu, gbágùúdá àti ọ̀dùnkún, ìyẹ̀fun ni wọ́n ń tọ́jú. Òfíò ń tọ́jú ìyẹ̀fun àti ṣúgà, ó tún ń tọ́jú òróró tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara rẹ̀ tó bá ti gbẹ. Ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi ń funfun bíi wàrà nígbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́.

Ta ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́? Ìlà-Oòrùn Áfíríkà la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1959, Mary Leakey, onímọ̀ tó ń wa ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀, rí agbárí ẹ̀dá kan ní Olduvai, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Èrìgì rẹ̀ tóbi débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Afọ́-ẹ̀pà. Ẹ̀dá náà gbé ayé ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n yẹ eyín irú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé koríko àti àwọn ewéko tó jọ ọ́ ni oúnjẹ rẹ̀ ti wá, kì í ṣe èso igi. Ní 2014, Gabriele Macho ti Yunifásítì Oxford fi ojú sí bí àwọn ọ̀bọ baboon ṣe ń wa kókó ewéko yìí jẹ ní Amboseli, ní Kẹ́ńyà. Ó ṣírò rẹ̀ pé Afọ́-ẹ̀pà lè rí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nínú òfíò láàárín wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Àbá ni, àmọ́ ó wọ̀ mí létí: ẹni tó bá ti jẹ òfíò gbígbẹ rí mọ iṣẹ́ tí èrìgì ń ṣe.

Àwọn ará Íjíbítì ló sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Wọ́n ti rí i nínú ibojì àwọn tó gbé ibẹ̀ kí Fáráò kankan tó jọba. Ibojì Rekhmire ní Thebes, ìlú àtijọ́ kan ní Íjíbítì, ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Olórí ìjòyè ọba ni ọkùnrin náà, ní nǹkan bí ọdún 1450 ṣáájú ìbí Kristi. Lára ògiri ibojì rẹ̀, wọ́n ya àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gún òfíò, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n ń pò ó mọ́ oyin, tí wọ́n sì ń fi òrá dín in ní àkàrà olórí ṣóńṣó. Ìyá tó bá ń gún nǹkan, tó sì ń sẹ́ ẹ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ àwòrán yẹn fún un. Lẹ́yìn náà ni Theophrastus ará Gíríìsì kọ̀wé pé àwọn ará Íjíbítì a máa wà á nínú iyanrìn ẹ̀gbẹ́ odò, wọ́n á sì fi ọtí ọkà báálì sè é kó lè dùn.

Àwọn Mùsùlùmí tó jọba ní Sípéènì ló gbé e dé Valencia. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe horchata, ohun mímu tí wọ́n ń fi òfíò ṣe, títí di òní. Chufa ni wọ́n ń pe òfíò fúnra rẹ̀. Ní 1995 wọ́n fi òfin dáàbò bo orúkọ chufa ti Valencia. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òfíò tí Sípéènì ń lò, ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ń wọlé, láti Burkina Faso, Mali àti Niger. Ní Nàìjíríà, Òkè Ọya ló ti ń wá sọ́jà wa, torí ilẹ̀ oníyanrìn ibẹ̀ rọrùn láti wa òfíò nínú rẹ̀. Aya ni Hausa ń pè é, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe kunun aya. Àwa la wá fi àgbọn àti dàbínù kún un, tí a sì ń tà á nínú ike fún àwọn ọkọ ìyàwó. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ní 1753, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sọ ewéko náà ní Cyperus esculentus. Cyperus tó ṣeé jẹ nìyẹn. Orúkọ kan yìí bo ọmọ ìyá méjì mọ́lẹ̀. Èyí tí èèyàn mú wálé kì í sábà yọ òdòdó, kókó rẹ̀ sì tóbi. Èyí tó kù sí ẹrẹ̀ ń sáré. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbin ẹyọ kókó kan ṣoṣo láti fi dán an wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1961: láàárín ọdún kan, ó ti di ewéko 1,900 àti kókó bí 6,900. Ó bá òdòdó gladiolus wọ Netherlands. Nígbà tó yá, ìjọba ibẹ̀ fòfin dè é pé ilẹ̀ tí wọ́n bá ti rí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbin ohunkóhun tó ń ta nísàlẹ̀ ilẹ̀ síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà yẹn kan náà, àwọn ọdẹ ń fi owó ra òfíò, wọ́n ń gbìn ín kí tòlótòló igbó lè wá jẹ ẹ́.

Mo rẹ òfíò àbókí márùn-ún sómi, mo sì gbìn wọ́n sínú garawa ọ̀dà. Mẹ́rin hù. Ewé wọn kún garawa náà fọ́fọ́, ṣùgbọ́n títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, òdòdó kan ò yọ. Nígbà tí mo da iyẹ̀pẹ̀ náà sílẹ̀, gbogbo kókó ló kó jọ sí abẹ́ ìdí ìyá wọn, bí òròmọdìẹ. Èyí tó wà létí gọ́tà ti dé abẹ́ fẹ́ńsì, ó ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò.